Ìkúùkù Tó Ń So Òrùka Mọ́ Ọ̀pá Ìwọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ iye tí ìbínú ń náni, kó wá bi mí. Lára ọkọ àbúrò mi obìnrin ni mo ti kọ́ ìṣirò rẹ̀. Ìjà tó jà nílé ìlagi náni ní eyín mẹ́ta, eyín ẹlòmíì ni o, fèrèsé kan, àti iṣẹ́ tó fi ń jẹun. Èyí tó jà lẹ́nu géètì ibùdókọ̀ ba ilẹ̀kùn mọ́tò kan jẹ́, ó sì yẹ èjìká òun fúnra rẹ̀. Èyí tó jà níbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀. Àga mẹ́fà ló bá a lọ, ó sì kù díẹ̀ kí pósí náà bá a lọ. Ìkúùkù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, tọmọdé tàgbà. Àbúrò mi nìkan ló ń pè é ní Baálé mi, ohùn tó sì fi ń pè é, ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ọmọ àgùntàn ló fẹ́.

Ọjọ́ tí àbúrò mi wá sọ fún mi pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ojú ọ̀tún rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò.

Mo ní, "Ta ló lù ọ́?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ta ni mo lù lẹ ì bá bi mí."

Lẹ́yìn tí wọ́n lé Ìkúùkù nílé ìlagi ló di ẹni tó ń tún ọ̀pá ìwọ̀ ṣe. Bàbá arúgbó kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú yàrá tóóró tó fara ti ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń ta ìṣó àti ọ̀dà. Bàbá náà rí Ìkúùkù níbi tó jókòó sí níwájú ìta, tó ń ki ẹ̀ṣẹ́ bọ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ẹni tí yóò na. Ó ní, "Ìwọ tí ọwọ́ rẹ ò lè dúró jẹ́ẹ́ yìí, wọlé wá, kí n fi òwú dè é fún ọ." Eré ni mo pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá náà fi máa kú, Ìkúùkù ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, àwọn tó ń pẹja lódò láti ọ̀nà jíjìn sì ti ń gbé ọ̀pá wọn wá fún un.

Kì í ṣe ọ̀pá tuntun ni o. Àwọn ọ̀pá àtijọ́ ni, ọ̀pá tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì ṣe, tó fúyẹ́, tó tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ara ọ̀pá náà á ṣì le, ṣùgbọ́n àwọn òrùka kéékèèké tí okùn ń gba inú wọn kọjá á ti dípẹtà, ẹnu wọn á ti hó, wọn á sì máa gé okùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó bọ́ ti àtijọ́ kúrò, kó yan òrùka tuntun, kó fi òwú sílíkì dì wọ́n mọ́ ara ọ̀pá, kó sì fi fáníìṣì bò ó.

Ẹ ò ní gbà pé ìjà wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi tí mo bá sọ bí òrùka ṣe ń jókòó. Ẹ̀rọ tó ń ká okùn máa ń so rọ̀ sábẹ́ irú ọ̀pá yìí ni. Tí ẹ bá ju okùn, ẹ̀rọ náà kì í yí; okùn ló ń tú jáde lórí rẹ̀ ní òbìrìkìtì ńláńlá, bíi sípíríǹgì tó já. Nítorí náà òrùka tó sún mọ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tóbi, kó lè kó òbìrìkìtì yẹn mọ́ra. Èyí tó tẹ̀ lé e á kéré sí i, ìyẹn á sì ju èyí tó wà níwájú rẹ̀ lọ, títí dé ṣónṣó, níbi tí òrùka ò ti ju ihò imú ọmọ ọwọ́ lọ. Tí ti ìsàlẹ̀ bá kéré, okùn á máa na ọ̀pá ní pàṣán, kò sì ní lọ jìnnà. Tí wọ́n bá sì pọ̀ jù, ọ̀pá tó fúyẹ́ á di ẹrù.

Ibi tí a gbé wọn sí wá ni àgbà ọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹja bá fà, ọ̀pá á tẹ̀, okùn sì gbọ́dọ̀ máa bá ìtẹ̀ ọ̀pá lọ ní gbogbo ọ̀nà. Níbi tí òrùka bá ti jìnnà síra jù, okùn á gba ọ̀nà àbùjá, gbogbo ìwúwo á wá rọ́ sí ojú kan. Ojú kan yẹn ni yóò ṣẹ́.

Bí Ìkúùkù ṣe ń ṣe é nìyí: á fi téépù lẹ àwọn òrùka mọ́ ara ọ̀pá ná, á fi irin amúgi tó wà létí tábìlì há ìdí ọ̀pá, á so bíríkì mọ́ okùn, ọ̀pá á tẹ̀ bí ọrun. Òun náà á lóṣòó, á di ojú kan, á máa wò. Á sún òrùka kan sókè bí ìbú èékánná, á tún lóṣòó. Ọ̀sán lè lọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó fọ́ àgbọ̀n èèyàn á wá máa tẹ́ òwú sẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú bí ẹni tó ń to irun orí ọmọ titun. Kì í sọ̀rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mí.

Àfi tí ẹnìkan bá mú un bínú. Oní-táyà tó wà lódìkejì títì ló mú un bínú kẹ́yìn. Ó yí táyà lórí ọ̀pá mẹ́ta tí Ìkúùkù sá síta kí fáníìṣì wọn lè gbẹ, ó sì ní, "Ta ló ní kí o sá igi síbẹ̀?" Ẹ̀ṣẹ́ kan ni. Mo ń wọn ìṣó lọ́wọ́, mo gbọ́ ọ bí ẹni ju àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀. Wọ́n fi wáyà de àgbọ̀n oní-táyà ní ilé ìwòsàn, tíúbù ni wọ́n sì ń fi fún un lóúnjẹ títí òjò fi dá.

Adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó máa ń bọ́ awò ojú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ líle. Ó bọ́ ọ. Ó ní, "Mo fi ọ́ sílẹ̀ torí pé ìwọ ló ń bọ́ ìyàwó àti ọmọbìnrin méjì. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni bá tún ti ọwọ́ rẹ jáde, ọdún méjì lẹ́wọ̀n ni. Mi ò ní gbọ́ ta ló kọ́kọ́ fà á."

Nílé, àbúrò mi kò bọ́ nǹkan kan kó tó sọ tiẹ̀. Ó ní, "Baálé mi, ẹ gbọ́ o. Tí ẹ bá lọ sẹ́wọ̀n, ẹ má fọkàn sí i pé ẹ máa padà bá wa nínú ilé yìí. Ẹ̀jẹ̀ tiyín ni mo gbà láti máa nù nígbà tí mo fẹ́ yín. Mi ò gbà láti máa nu ti ará àdúgbò."

Láti ọjọ́ náà, tí inú bá ti fẹ́ bí Ìkúùkù, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá, á fún wọn pa síbẹ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú. Àwọn aláwàdà àdúgbò rí i, wọ́n wá ń dán an wò. "Ìkúùkù, ṣé adìyẹ lò ń bá wa sàba ni?" Á kàn máa fẹ́ atẹ́gùn nímú bíi màlúù.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wà báyìí ni alápatà kan wọlé.

Ọkùnrin náà tóbi, ọrùn rẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí ti ohun tó ń pa. Ó gbé ọ̀pá kan tó fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì wé wá, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì bí ẹni tó ń tẹ́ òkú. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbé àgolo fáníìṣì wá fún àna mi.

Ìkúùkù ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó."

"Mi ò wá jókòó. Bàbá mi tó kú ló ni í. Òrùka rẹ̀ ti ń gé okùn. Pààrọ̀ wọn fún mi."

Ìkúùkù tú aṣọ náà, ó fi ìka tọ́ ọ̀pá náà láti ìdí dé orí. "Wọ́n ti gé ṣónṣó ọ̀pá yìí rí."

"Bàbá mi ló gé e. Ilẹ̀kùn ló ṣẹ́ ọ̀pá náà lórí. Ó fi ayùn gé e, ó sì ń pẹja lọ."

"Ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì tó lọ. Ẹ wá wò ó." Ó bọ́ ti àtijọ́ kúrò, ó fi téépù lẹ àwọn òrùka tuntun sí ojú ibi tí wọ́n wà, ó so bíríkì rọ̀. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan náà rí i: ọ̀pá tẹ̀ láàárín, okùn sì fi ara ọ̀pá sílẹ̀ níbẹ̀, ó gba òfúrufú kọjá. "Nígbà tí orí rẹ̀ tó rọ̀ ti lọ, ìtẹ̀ rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ wá sí àárín. Òrùka kejì àti ìkẹta sì rèé, ewúrẹ́ lè gba àárín wọn kọjá láìtẹrí ba. Ẹ jẹ́ kí n sún méjì, kí n fi ẹyọ kan kún un. Ti ìsàlẹ̀ yìí náà kéré fún ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ fi sí i."

Alápatà kò tilẹ̀ wo bíríkì. Ara ọ̀pá ló ń wò, níbi tí òwú àtijọ́ ti bò ó tí oòrùn ò ti rí i, tí àwọ̀ ewé rẹ̀ ṣì dúdú minimini. "Ṣé o rí àmì wọ̀nyí? Òrùka tó wà lórí wọn ni bàbá mi ń wò títí tó fi kú. Orí wọn náà ni wàá so tuntun sí."

"Bàbá yín kọ́ ló fi wọ́n síbẹ̀. Àwọn tó ṣe ọ̀pá ni, nígbà tí orí rẹ̀ ṣì pé. Bàbá yín gé e, àmọ́ wọn ò sún òrùka."

"Ṣé bàbá mi ò mọ nǹkan tó ń ṣe ni?"

"Ọ̀rọ̀ ọ̀pá ni mò ń sọ, ẹ̀gbọ́n."

"Òkú bàbá mi lò ń bú níwájú mi!" Ó na ọwọ́ kọjá lórí tábìlì, ó fi ọrùn ẹ̀wù gbá Ìkúùkù mú, ó sì fọ́ ọ létí. Ìgbájú yẹn dún débi pé àwọn tó wà níwájú ìta yọjú wò. Bíríkì já bọ́, ó fọ́ sí méjì.

Ìkúùkù dìde. Mo rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bó ṣe di. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ rí, mo sì mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Mo sún kúrò níbi tí alápatà yóò ṣubú sí.

Nígbà náà ni mo rí àbúrò mi lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tó gbé báàfù aṣọ tútù mọ́ ìgbáròkó. Omi ń kán láti inú báàfù náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì gbé e kalẹ̀.

Ìkúùkù tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ki wọ́n bọ abẹ́ apá. Ó ní, "Ó dáa. Orí àmì ni màá so wọ́n sí."

Alápatà rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní o máa ń jà."

Òwú já mọ́ Ìkúùkù lọ́wọ́ léraléra lórí iṣẹ́ yẹn, ohun tí mi ò rí rí. Ó so òrùka wọ̀nyí bó ṣe yẹ kí wọ́n so wọ́n, ó dán wọn bíi dígí, gbogbo wọn sì wà níbi tí kò yẹ. Nígbà tí alápatà wá gbà á, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹ̀rọ yẹn pa. Tí ẹja bá lágbára, ẹ jẹ́ kí okùn máa yọ́ jáde. Ọ̀pá yìí ò gba agídí mọ́."

"Láti kékeré ni mo ti ń di màlúù mú níwo," ni alápatà wí. "Ìwọ lo máa wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ẹja mú?"

Ó fún un pa. Àbúrò alápatà ọkùnrin tó ga, tí wọ́n jọ lọ sódò, ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó yá. Ẹja ńlá kan gbé ìwọ̀, ó sì yí orí sísàlẹ̀ omi. Alápatà fi ẹsẹ̀ ti òkúta, ó fi gbogbo ẹ̀yìn fà á. Ọ̀pá náà ké, ó sì fọ́ láàárín, ní àlàfo yẹn gan-an. Gíláàsì tó bá fọ́ báyẹn kì í dá bí igi; ó máa ń ya sí abẹ́rẹ́ ni. Apá òkè bá okùn tó le bíi wáyà ta padà, ó sì gbá a lójú. Abẹ́rẹ́ gíláàsì kan wọlé sínú ojú òsì, ó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Àbúrò rẹ̀ ní òun rò pé ẹja ló bu ẹ̀gbọ́n òun jẹ, torí igbe tó ké àti ẹ̀jẹ̀ tó bo ẹnu rẹ̀. Àwọn dókítà yọ abẹ́rẹ́ náà, wọ́n sì sọ fún un pé ojú náà kò ní ríran mọ́.

Bí wọ́n ṣe tú u sílẹ̀ nílé ìwòsàn ló ti kó àbúrò rẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn, èyí tó ga àti èyí tó kúrú, tó kọrí sọ́dọ̀ wa.

Èyí tó ga kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mi, ó fi apá há ọrùn mi mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ara mi. "Bàbá, ẹ dúró síbí, kí ìwọ̀nba eyín tó kù yín kù má baà dín." Eyín mi kò pọ̀ tó ohun tí èèyàn ń fi ṣeré. Mo dúró. Láti ibẹ̀, mò ń wo inú yàrá Ìkúùkù gbangba.

Ọ̀pá ni wọ́n kọ́kọ́ pa. Èyí tó kúrú ń mú wọn lára ògiri, ó ń fi orúnkún ṣẹ́ wọn, pà, pà, pà, bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná. Ọ̀pá àwọn oníbàárà ni o, ọ̀pá tí bàbá àwọn èèyàn fi sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Wọ́n gbá ìgò fáníìṣì mọ́ ògiri. Ìkúùkù jókòó sórí àpótí rẹ̀ láàárín gbogbo rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ apá.

Alápatà dúró níwájú rẹ̀, báńdéèjì bo ìlàjì ojú rẹ̀. "Ṣé ìwọ ni wọ́n ń pè ní Ìkúùkù? Ìkúùkù ọ̀hún dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ adájọ́," ni àna mi wí. "Ẹ lọ gbà á níbẹ̀."

Alápatà ta á nípàá níhà. Ó ṣubú kúrò lórí àpótí, wọ́n sì tò lé e lórí. Mo ti rí ìjà púpọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n ìjà ni wọ́n, ẹni méjì ń lu ara wọn. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Bíi kí wọ́n máa lu tìmùtìmù ni. Bàtà ń ro lára rẹ̀, imú rẹ̀ fọ́, mo gbọ́ egungun ìhà kan tó dún bí àwọn ọ̀pá yẹn ṣe dún, kò sì yọ ọwọ́ jáde. Mo pariwo, "Dá a padà! Dá a padà fún wọn!" Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ adájọ́ pátápátá. Kò dá a padà. Ó kàn ń gbin.

Èyí tó kúrú ló wo ọwọ́ yẹn, tó ní, "Ẹ̀yin ò rí i? Ọwọ́ ló ń tọ́jú. Ọwọ́ ló fi ń jẹun."

Alápatà ní, "Ẹ bá mi fà á jáde."

Wọ́n gbé e dìde, wọ́n fà á wá sí etí tábìlì, wọ́n ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sáàárín irin amúgi tó fi ń há ọ̀pá, èyí tó kúrú sì yí i. Ó yí i, ó tún yí i. Ìkúùkù ké fún ìgbà àkọ́kọ́. Alápatà mú òòlù nílẹ̀.

Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì wà lómìnira. Ọ̀fun alápatà sì wà níwájú rẹ̀ bí ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un. Mo rí i pé ó rí i. Ìka òsì di, ó gbéra díẹ̀. Ọdún méjì lẹ́wọ̀n, ilé tí kò ní sí èèyàn nínú rẹ̀ mọ́, tàbí ọwọ́ kan. Ó tẹ́ ọwọ́ òsì sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín. Ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀." Ìkúùkù tí mo mọ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀.

Àbúrò mi ló dáhùn ẹ̀bẹ̀ náà. Ẹ̀yìn ló gbà wọlé. Ó ti mú ìdí ọ̀pá òkun kan, irú èyí tí wọ́n fi ń pẹja ńlá lókun, tó yí lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, igi tó ki bí ọwọ́ èèyàn, tí wọ́n wé kọ́ọ̀kì, èèpo igi rírọ̀, mọ́ lójú ibi ìdìmú. Kò pariwo, kò kìlọ̀. Ó di orí kejì rẹ̀ mú, ó gbé e sókè, ó sì gbé e sọ ọrùn ọwọ́ alápatà. Òòlù bọ́. Kí alápatà tó mọ ibi tí irora ti wá, àbúrò mi ti yí i padà sórí orúnkún èyí tó kúrú, ìyẹn sì wólẹ̀ sáàárín gíláàsì tó fọ́, ó ń pe ìyá rẹ̀.

Èyí tó ga fi mí sílẹ̀, ó sáré wọlé. "Obìnrin yìí, ṣé orí rẹ pé?"

Ẹnu tó fi bi í léèrè ló fi gba ìdáhùn.

Alápatà sá bọ́ síta, àbúrò mi sì tẹ̀ lé e. Ó nà án lẹ́yìn, ó nà án ní èjìká, báńdéèjì tú, ó ń fì lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù. Oní-táyà ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti inú. Níwájú ilé ẹnìkan tó ń tún rédíò ṣe ni alápatà ti kọsẹ̀ tó ṣubú, ó dojú bolẹ̀. Àbúrò mi dúró lé e lórí, ó di igi yẹn mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó gbé e lọ sókè, ó sì ń fojú wá ibi tí orí ti so mọ́ ọrùn.

Ìkúùkù ti fi ọwọ́ òsì tú ara rẹ̀. Ó sáré bí ẹni tí egungun ìhà rẹ̀ ti ṣẹ́ ṣe lè sáré, ó dì mọ́ ìyàwó rẹ̀ láti ẹ̀yìn. "Ó tó! Mo ní ó tó! Tí o bá pa á, torí ta ni mo ṣe jẹ gbogbo ìyà yìí?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù!"

"Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni mo mọ̀ dáadáa. Gbé e fún mi, ìyá ọmọ mi. Gbé e fún mi."

Ó gbé e fún un. Mo jókòó sórí pèpéle, mo sì ṣírò rẹ̀ torí bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Egungun ìhà mẹ́ta, imú, ìka méjì tó ti lọ̀ mọ́ ara wọn, gbogbo ọ̀pá tó wà lára ògiri. Kò sí ìjà kankan tí àna mi jà rí tó náni tó èyí tó kọ̀ láti jà.

Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀ gan-an ní kóòtù. Ẹ mọ bí ọkùnrin ṣe rí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró níwájú adájọ́, èyí tó kúrú lórí igi ìtìlẹ́yìn, èyí tó ga pẹ̀lú ẹnu wíwú, alápatà tó fi aṣọ gbé ọwọ́ kọ́rùn, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó lè la ẹnu sọ pé obìnrin ló ṣe é. Wọ́n ní Ìkúùkù ni. Wọ́n búra sí i. Ìtìjú wọn ló ń tì í lọ sẹ́wọ̀n, ọwọ́ tó pa mọ́ títí ìhà rẹ̀ fi ṣẹ́ kò sì fẹ́ gbà á.

Adájọ́ bọ́ awò ojú. "Mo ti sọ fún ọ pé mi ò ní gbọ́ àlàyé."

"Ẹ ti sọ fún mi, mà."

"Èmi ni," ni àbúrò mi wí láti orí bẹ́ǹṣì.

"Irọ́ ni!" Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pa á pọ̀. Èyí tó kúrú ní, "Mà, ẹ wo obìnrin yìí dáadáa. Ṣé èyí ló lè lu èmi?"

"Kí ló dé tí o fi ń mì?" ni àbúrò mi bi í, gbogbo kóòtù sì bú sẹ́rìn-ín.

Adájọ́ na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ ọkùnrin yìí." Ó wo ọwọ́ ọ̀tún, tó wú tí àpá irin wà lẹ́yìn àti níwájú. Ó wo òsì. Kò sí bíbó kankan lójú oríkèé ìka. Kò tíì dá a lójú, mo rí i lójú rẹ̀. Ẹni tó di igi mú kì í bó lọ́wọ́.

Nígbà náà ni àbúrò mi tú aṣọ tó dì sórí itan, ó sì yọ ìdí ọ̀pá òkun náà jáde. Ó dojú ibi ìdìmú kọ adájọ́. Eyín iwájú kan rì sínú kọ́ọ̀kì náà ṣinṣin, ó ń dán. "Mà, ẹ ní kí èyí tó ga yìí ya ẹnu. Tó bá jẹ́ pé baálé mi ló ṣe é, kó fi ojú wo ojú mi, kó tún un sọ."

Èyí tó ga pa ẹnu dé. Ó wo eyín rẹ̀. Ó wo àbúrò mi, ó sáré gbé ojú kúrò. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì wí sínú ọwọ́ náà pé, "Òun ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó gbé igi yẹn kalẹ̀."

Wọ́n kó àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò lọ fún ohun tí wọ́n ṣe nínú yàrá náà. Ìkúùkù bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sílé. Adájọ́ sì pe àbúrò mi síwájú, ó bọ́ awò ojú, ó ní ti àbúrò mi náà ti wọ àkọsílẹ̀: tí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni bá tún ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ọdún méjì. "Ta ni yóò dúró fún un?"

Ìkúùkù fi ọwọ́ òsì buwọ́ lù ú.

Ìka méjì yẹn kò tẹ̀ mọ́. Àbúrò mi ló ń di òwú mú báyìí, tí Ìkúùkù ń yí ọ̀pá, wọ́n á sì máa bá ara wọn jà lórí bó ṣe le tó, pẹ̀lú ẹnu. Níjọ́sí, ọkùnrin kan gbé ọ̀pá bàbá rẹ̀ wá, ó ní orí àmì àtijọ́ ni òun fẹ́. Ìkúùkù so bíríkì fún un, ó fi hàn án. Ọkùnrin náà ní àmì ni, òun ò fẹ́ àlàyé. Ìkúùkù wé ọ̀pá náà padà sínú aṣọ rẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Ẹ máa gbé e lọ, ọ̀gá. Mi ò lè so ó."

"Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́ ni?" Ọkùnrin náà ti ń gbé ohùn sókè, ó sì ti ń fi ìka na imú àna mi. "Irú ọlọ́wọ́ kan bíi tìẹ?"

Àbúrò mi rọra gbé òwú kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n!" ni Ìkúùkù kígbe pè mí láti inú yàrá. "Ẹ yára wá! Ẹ bá mi mú ìyàwó mi jáde!"